Àgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Brett Favre àti ọjọ́ iwájú ikọ̀ méjì

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n béèrè: ta ló ti wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà rí tó sì wò ó parí? Ọwọ́ mẹ́ta péré ni mo rí. Kò burú. Lọ́dọ̀ tiwa, tí kì í bá ti í ṣe gólì, ẹni tó bá fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù lórí pápá, fèrè ni rẹfirí máa fọn sí i. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọwọ́ gan-an ni iṣẹ́ wà, ọwọ́ ẹnì kan ló sì ṣe kókó jù, ìyẹn quarterback. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ní láti fi wá ẹni tí yóò jù ú sí, bẹ́ẹ̀ àwọn géńdé tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì ààbọ̀ ti ń sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀. Ikọ̀ kan lè ní agbábọ́ọ̀lù 53, ṣùgbọ́n bí quarterback bá ti ń darúgbó, kò sẹ́ni tó ń sùn nínú ilé náà.

Quarterback ni Brett Favre, ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Kiln, ìlú kékeré kan, ló ti dàgbà, bàbá rẹ̀, Irvin, ló sì kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ girama. Ikọ̀ Green Bay Packers gbà á lọ́wọ́ ikọ̀ Atlanta ní 1992. Ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní NFL, líìgì ńlá wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, 1995 dé 1997, ó sì gba Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá líìgì náà, fún wọn ní oṣù Kìíní 1997. Ní oṣù Kejìlá 2003, bàbá rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ, ó lọ sórí pápá, ó ju bọ́ọ̀lù rìn ní yáàdì 399, touchdown mẹ́rin (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá). Ẹ bá mi ronú sí i: irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ fẹ̀yìn tì yìí. Ta ló máa rọrùn fún láti ṣí ilẹ̀kùn kó lọ?

Ní oṣù Kẹta 2008, ó jókòó síwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó sunkún, ó ní ó tó. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi ní òun fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n Packers ti ní ẹlòmíràn nílé. Aaron Rodgers, quarterback ọ̀dọ́ tí wọ́n mú ní 2005, ti fi ọdún mẹ́ta gbáko jókòó sí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àgbà, kò sì bínú níta. Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù ni. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọmọ pé ó kàn án ni. Ted Thompson, tó ń ṣètò ikọ̀ náà, kò yẹsẹ̀. Wọ́n ta Favre fún ikọ̀ New York Jets, wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀yìn pa: bí Jets bá lọ tà á fún Minnesota Vikings, ọ̀tá Packers tó wà lẹ́bàá ilé, Jets yóò fún Packers ní ẹ̀tọ́ mẹ́ta tó jẹ́ ti ìpele kìíní nígbà tí àwọn ikọ̀ bá ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà bínú. Àwọn kan pariwo èébú lé Rodgers lórí nígbà ìgbáradì.

Jets kò ní kí n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, apá Favre bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n jáwé olúborí nínú mẹ́sàn-án, wọ́n pàdánù méje. Ó tún fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejì 2009, Jets sì tú u sílẹ̀. Ìdènà tí Packers fi sí ọ̀nà Minnesota ti kúrò nìyẹn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2009, ó balẹ̀ sí Minnesota. Kóòṣì Vikings fúnra rẹ̀, Brad Childress, ló wa mọ́tò lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú, hẹlikọ́pítà àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ń fò tẹ̀lé mọ́tò náà lókè bíi pé ọba ló ń bọ̀. Èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ogójì ọdún, wọ́n ń gbá pẹ̀lú San Francisco, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù yáàdì 32 sí igun ẹ̀yìn pápá, Greg Lewis na ara gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ ilẹ̀ kó tó jáde. 27 sí 24. Ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ dákẹ́. Lọ́dún yẹn touchdown 33 ló jù, ọ̀tá gba méje péré mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì na Packers lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù Kìíní 2010, New Orleans. Ẹni tó bá jáwé olúborí ló ń lọ sí Super Bowl. Wọ́n ti wó o mọ́lẹ̀ títí, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú. 28 sí 28, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù, Vikings sì ti sún mọ́ ibi tí wọ́n ti lè fẹsẹ̀ gbá a wọlé. Àfi bí rẹfirí ṣe ka orí wọn: èèyàn 12 ló wà nínú agbo dípò 11! Wọ́n dá wọn padà ní yáàdì márùn-ún. Favre sá sí ọ̀tún, ó lè rọra sáré díẹ̀ kó wó lulẹ̀, kò ṣe é. Ó ju bọ́ọ̀lù dábùú pápá, Tracy Porter sì já a gbà. New Orleans gbá wọn jáde.

Títí ibẹ̀, èmi kò dá Vikings lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló dùn mí. Ní oṣù Kẹjọ 2010, agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú wọn, Jared Allen, Steve Hutchinson àti Ryan Longwell, wọ bàálù lọ bẹ Favre ní Mississippi pé kó padà wá gbá. Owó ọdún kan tí wọ́n yá ni wọ́n lọ sọ di sọ́gùndógójì. Touchdown 11, ọ̀tá gba 19. Wọ́n lé Childress ní oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí Packers nà wọ́n 31 sí 3. Ní oṣù Kejìlá, yìnyín wó òrùlé pápá ìṣeré wọn. Ọjọ́ kejì ni Favre kò lè gbá, òpin sì dé bá 297 ìdíje tó ti ń bẹ̀rẹ̀ léraléra. Nígbà tí ìdíje ọdún náà parí, ó fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kẹta. Vikings kò ní ọ̀dọ́ kankan nílé tó ti tó rọ́pò rẹ̀. 2011, wọ́n jáwé olúborí nínú mẹ́ta péré, wọ́n pàdánù 13. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Rodgers ti gbé Super Bowl wá sí Green Bay.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, ṣé Packers wá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní kì í ṣe ọgbọ́n nìkan. Lọ́dún àkọ́kọ́ Rodgers, mẹ́fà ni wọ́n jáwé olúborí, wọ́n pàdánù mẹ́wàá. Ó gba sùúrù. Rodgers náà dàgbà, wọ́n mú quarterback ọ̀dọ́ mìíràn, Jordan Love, ní 2020, wọ́n sì tún ta àgbà fún Jets kan náà ní 2023. Ìgbà kẹrin tí Rodgers bá ikọ̀ rẹ̀ tuntun gbé bọ́ọ̀lù ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já.

Ọmọ náà ń ka ìka rẹ̀. "2005 sí 2008. 2020 sí 2023. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n jókòó, sà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.