Ojú Pọ́n, Ara Ò Gbóná: Jẹjẹrẹ Pánkíríàsì

Bí ojú ẹnìkan bá pọ́n nílé wa, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ la máa ń pè é. A ó gbé àgbo kaná, a ó sì máa mu ún títí ọ̀sẹ̀ á fi gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ojú bá pọ́n tí ara ò gbóná, tí inú ò sì run ẹni, ẹ lọ ṣe scan ikùn. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ pánkíríàsì ló ń dí ọ̀nà òróòro.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pánkíríàsì wà, nítòsí eegun ẹ̀yìn. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Òun ló ń tú omi tó ń lọ oúnjẹ sínú ìfun, òun náà ló ń pèsè ìnsúlíìnì tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ó jìn débi pé dókítà lè tẹ ikùn títí kí ọwọ́ má kan kókó tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń ti ràn dé ẹ̀dọ̀ ká tó mọ̀.

Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní orí pánkíríàsì, apá tó sún mọ́ ìfun, ṣì máa ń tani lólobó. Òróòro ò rọ́nà dé ìfun mọ́, ló bá padà sínú ẹ̀jẹ̀: ojú á pọ́n, ara á máa yún, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ á funfun bí ẹfun. Ti ìrù rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀, àfi ìrora ikùn tó gba ẹ̀yìn yọ. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tó tún ń rù, kó tètè lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Sìgá wà lára ohun tó ń fà á.

CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi bó ṣe tóbi tó hàn, àti bóyá ó ti wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Wọ́n sì lè ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA 19-9, tó ń wá àmì jẹjẹrẹ yìí nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn kan ń sanwó fún láìṣàìsàn, èmi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Òkúta inú òróòro lásán lè gbé iye rẹ̀ sókè.

Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè mú un kúrò pátápátá, àmọ́ nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ sí i. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ti orí rẹ̀, orúkọ Allen Whipple, oníṣẹ́ abẹ ní New York tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1935, ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n á gé orí pánkíríàsì, àpò òróòro àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wọ́n á wá so ohun tó ṣẹ́ kù pọ̀ padà. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, á tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà á gba kẹ́mò, wọ́n á ki ọpọ́n kékeré sí ọ̀nà òróòro kí ojú lè mọ́, wọ́n á sì fún un ní mọ́fíìnì bí ìrora bá le.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ń lo kápúsù tó ń bá wọn lọ oúnjẹ. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mùsùlùmí tí wọ́n bá kọ ọ́ fún, kó bá dókítà àti aáfà rẹ̀ sọ ọ́, kó má kàn rọra dá a dúró.