Ìgò Kọ̀ọ̀kan ni Òfin Kọ́kọ́ ń Wò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fífi Lọ́fínńdà, Sípíréè àti Páwà Báǹkì Ránṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àtàwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù kì í yé bi mí: kí ló dé tí wọ́n fi ń gba lọ́fínńdà níbì kan, tí wọ́n á sì dá ìgò kan náà padà níbòmíràn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ìgò náà. Ọtí ló pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ sì lè gbaná bí iná bá sún mọ́ ọn. Sípíréè irun, kútẹ́ẹ̀sì, asitónì tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́: ẹbí kan náà ni wọ́n. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fún wọn ní nọ́ńbà. Lọ́fínńdà ni 1266, sípíréè inú agolo ni 1950, asitónì ni 1090, bákan náà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston.

Bí a bá ní ká tẹ̀ lé òfin ẹrù eléwu látòkè délẹ̀, páálí tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé la ó máa rà, pẹ̀lú ìwé lóríṣiríṣi. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ torí ìgò mẹ́fà? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, nítorí náà òfin dẹ okùn díẹ̀ fún ọjà ìlò ilé tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé àpapọ̀ ohun inú páálí ni ìwọ̀n náà. Rárá o. Ìgò kọ̀ọ̀kan ni òfin kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ wo asitónì. Lójú títì àti lójú omi, ìgò rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju lítà 1 lọ. Kẹ́ẹ̀gì asitónì lítà 4 kò sí lára ohun tí wọ́n dẹ okùn fún. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò oní-lítà kan mẹ́rin, ẹ tò wọ́n sínú páálí, ó ti wọlé nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀tàn ni, ṣebí asitónì kan náà ni. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí páálí bá jábọ́ lọ́wọ́ alábàárù tí kẹ́ẹ̀gì sì bẹ́, lítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgò kan bá fọ́ nínú mẹ́rin, lítà kan ni, ohun tí ẹ fi yí i ká sì lè fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mu.

Agolo sípíréè kan kò gbọdọ̀ ju mílílítà 1,000 lọ. Lọ́fínńdà ni wọ́n ṣàánú jù: lítà 5 ni ààlà ìgò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó ń ra lọ́fínńdà ní kẹ́ẹ̀gì. Páálí lódindi, tòun ti ohun inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 30.

Àmì tí a ń fi sára páálí tí òfin dẹ okùn fún ni igun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tí orí àti ìdí rẹ̀ dúdú, tí àárín sì funfun. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Bí páálí bá kéré, ó lè wálẹ̀ dé 5. Fún ẹrù bàálù, lẹ́tà Y á wà láàárín. Amẹ́ríkà ní tiwọn tẹ́lẹ̀, ORM-D, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á tì láti ìparí 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo páálí àlòkù, àmì àtijọ́ tí kò bá ohun inú rẹ̀ mu, ẹ bò ó pátápátá.

Ti bàálù ló le jù, ìwọ̀n tó ń gbà sì kéré sí ti ojú títì. Bí bàálù bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ àyíká ń fúyẹ́, èyí tó há sínú ìgò á wá máa ti ọmọrí látinú. Ìgò tó dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì yín lè máa jò lókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ohun tí a rọ olómi sí lè fara da ìtì tó tó kPa 95 (kilopáskà, ohun tí a fi ń wọn ìtì) láìjò. Páálí náà gbọ́dọ̀ lè já bọ́ láti mítà 1.2 láìtú, kí wọ́n sì lè to irú rẹ̀ lé e lórí dé mítà 3 fún wákàtí 24 láìwó. Nínú dídì, ẹ fún ọmọrí le, ẹ fi sẹ́lótéèpù yí i, ẹ kó ìgò sínú náílọ́ọ̀nù tí ẹnu rẹ̀ dí, kí ẹ tó fi ohun tó ń fa omi mu há a mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínàró, kí ẹ ya ọfà tó kọjú sókè sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra. Bí ẹ bá mì ín tí ìgò ń kan ìgò, ẹ tú u dì.

Òfin àgbáyé kàn ń sọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá ni. Ẹni tó ń gbé ẹrù lè fà á sẹ́yìn sí i. Nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Royal Mail ń gba lọ́fínńdà mẹ́rin nínú páálí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mílílítà 150 lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lọ sókè òkun. USPS, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, ń gbé lọ́fínńdà ọlọ́tí lójú títì nílé; bàálù kọ́, òkèèrè kọ́.

Àwọn ọjà kan sì wà tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú wọn nínú òfin jẹ́ òdo, ìyẹn ni pé òfin kò dẹ okùn yìí fún wọn rárá. Ìṣáná tí a ń ṣá sára páálí rẹ̀ ṣì ní kìlógíráàmù 5, ṣùgbọ́n láítà gáàsì, òdo. Bátìrì lithium, òdo. Òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2010, bàálù ẹrù ilé iṣẹ́ akẹ́rù UPS tó gbéra ní Dubai gbaná lófurufú, bátìrì lithium pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2016, irú bátìrì lithium tí a ń sájì, tí kò sí nínú tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lò ó, kò gbọdọ̀ wọ bàálù èrò bíi kágò. Èyí tó bá wọ bàálù ẹrù, agbára inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú 100. Páwà báǹkì wà lára wọn. Bátìrì ni lójú òfin, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ìyá kan wá béèrè pé ṣé kí òun kúkú ju tòun sínú báàgì ńlá tí wọ́n ń gbà ní pápákọ̀. Rárá o, ìyá mi. Báàgì ọwọ́ ni ẹ ó fi sí. Ẹ wo ara rẹ̀: bó bá jẹ́ 20,000 mAh, tí vóltì rẹ̀ sì jẹ́ 3.7 bó ṣe sábà máa ń rí, ẹ fi 1,000 pín 20,000, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7. Wh 74 nìyẹn (Wh ni a fi ń wọn agbára inú bátìrì). Títí dé 100, ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Láti 100 sí 160, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, méjì ló sì pọ̀ jù. Èyí tó ju 160 lọ, ẹ fi sílé.