Ọwọ́ Tó Mọ Iṣẹ́: Bí Ìwádìí Yunifásítì Ṣe Ń Di Ilé-iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin olùwádìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún gbọ̀ngàn yìí, ẹ kú ìjókòó o.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà láti fún àlejò kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Herbert Boyer ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà, Yunifásítì California ní San Francisco ló ti ń ṣiṣẹ́. Robert Swanson ni àlejò, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 28 tó ti ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà di wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó yá, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yọ 500 dọ́là, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Genentech sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà.

Ìbéèrè tí mo gbé wá fún yín lónìí ni: kí ni Swanson ń wá lọ́wọ́ Boyer gan-an?

Kò lè jẹ́ àṣírí. Láti ọdún 1973 ni Boyer àti Stanley Cohen ti Yunifásítì Stanford ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde fún gbogbo ayé. Wọ́n ti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè gé jíìnì, ìyẹn ìlànà tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, láti ara ohun abẹ̀mí kan, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka kékeré ti DNA, èròjà tí jíìnì wà lára rẹ̀, kí ó sì fi òrùka náà sínú bakitéríà. Bí bakitéríà náà bá ti ń bí sí i, jíìnì àjèjì inú rẹ̀ ń pọ̀ bá a. Ẹni tó bá dé ilé ìkàwé lè kà á. Ṣùgbọ́n kíkà kì í ṣe ṣíṣe. Àwọn tí ọwọ́ wọn lè ṣe é kó yọrí kò pọ̀ láyé nígbà náà. Èyí tó máa ń bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́, ohun tí èèyàn yóò yí padà kí ó tó tún un ṣe: kò sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń tẹ ìyẹn jáde. Ọwọ́ ni Swanson wá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1978, Genentech àtàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ìwòsàn City of Hope mú kí bakitéríà pèsè ínsúlíìnì èèyàn. Títí di ìgbà yẹn, inú àmọ́ (ẹ̀yà ara kan nínú ikùn) màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ínsúlíìnì tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ń lò. Nígbà tó di 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ Eli Lilly sì ń tà á.

Nítorí náà, ohun tí mo rò nípa ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Nígbà tí ìwádìí bá ń di ilé-iṣẹ́, inú àwọn èèyàn ni ìmọ̀ náà wà, ó sì yẹ kí òfin yunifásítì, ìwé àdéhùn àti owó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn yẹn. Ibi tí mo ti rí i tí ó dàrú jù ni ibi tí wọ́n ti kà á sí pé ìwé nìkan ló wà fún títà.

Àmọ́ mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé. Pátẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tuntun tí èèyàn dá sílẹ̀, sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún láti ọjọ́ tí a ti kọ̀wé béèrè fún un. Ó sì ní òfin kan tó ti dá ọ̀pọ̀ olùwádìí lóró: ní Yúróòpù, bí o bá ti sọ ọ́ ní gbangba kí o tó kọ̀wé, ó ti bọ́. Ìjókòó ìpàdé onímọ̀ kan, àwòrán kan lára ògiri níbi àfihàn, ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n kó sí ilé ìkàwé, gbogbo rẹ̀ ni gbangba. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún olùdásílẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Níbí, òfin gan-an ló sọ ọ́ di ẹyin.

Ẹ wo bó ṣe ṣe Cohen àti Boyer fúnra wọn. Oṣù kọkànlá ọdún 1973 ni iṣẹ́ wọn jáde. Kò sí ẹni tó rántí pátẹ́ǹtì. Niels Reimers, ọkùnrin tó dá ọ́fíìsì tó ń rí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Stanford, ló ka ìròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tó sì sáré lọ bá Cohen. Cohen kò kọ́kọ́ fẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ̀wé, ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún kan náà pé. Ẹ̀tọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n rí gbà. Ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ti lọ. Síbẹ̀, pátẹ́ǹtì kan ṣoṣo yẹn àtàwọn àbúrò rẹ̀ mú nǹkan bí 255 mílíọ̀nù dọ́là wọlé kí wọ́n tó parí ní 1997.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn ni bí Reimers ṣe tà á. Kò tà á fún ẹnì kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó wá, kí ó san 10,000 dọ́là lọ́dún, kí ó sì san díẹ̀ lórí ohun tó bá tà. Ilé-iṣẹ́ 468 ló gba ìwé àṣẹ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí irinṣẹ́ ni ọ̀nà náà: bí irinṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, iṣẹ́ á dúró. Oògùn yàtọ̀. Kò sí ẹni tí yóò náwó fún ọdún mẹ́wàá lórí àyẹ̀wò oògùn kan bí aládùúgbò rẹ̀ bá lè tà á lọ́jọ́ kejì. Ọ́fíìsì yunifásítì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí yóò fún ẹnì kan ní irinṣẹ́, yóò sì pín oògùn fún gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Cambridge kún un kíá. Ní 1975, César Milstein àti Georges Köhler, nínú yàrá ìwádìí ìjọba tó wà níbẹ̀, rí ọ̀nà láti pèsè irú kan ṣoṣo lára àwọn èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà, kí ó pọ̀ tó bí èèyàn ṣe fẹ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gba pátẹ́ǹtì gbọ́, wọn kò gbà á. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984, ọ̀nà wọn sì di ìpìlẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ tó ń mú owó ńláńlá wọlé káàkiri ayé.

Ta ló wá ni ìmọ̀ náà? Ìlú sí ìlú ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin Bayh-Dole ti 1980 jẹ́ kí yunifásítì ní ohun tí wọ́n fi owó ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ní Sweden, olùkọ́ ló ṣì ni ín títí di òní. Jámánì náà ń ṣe bíi Sweden tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i padà ní 2002. Ítálì yí tiwọn padà ní 2023. Ẹ lọ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Ìdáhùn yín wà níbẹ̀.

Ibi tó le ni ìpín. Bí yunifásítì bá ni ìmọ̀, tí olùwádìí fẹ́ fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, yunifásítì lè gba owó, ó sì lè gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Stanford ló ni pátẹ́ǹtì ọ̀nà tí Larry Page, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, fi ń to ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Òun àti Sergey Brin ti kọ́kọ́ gbé e kiri fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Wọn kò rà á. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá fi ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, wọ́n dá Google sílẹ̀ ní 1998. Stanford gba ìpín díẹ̀ nítorí pátẹ́ǹtì náà, wọ́n sì tà á ní 336 mílíọ̀nù dọ́là nígbà tí ó fi máa di 2005. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà "díẹ̀". Wọn kò gba ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pa pọ̀. Ká ní yunifásítì gba 50 nínú 100, tí àwọn olùdásílẹ̀ méjì pín 50 tó kù. Àwọn olùdókòwò wá, wọ́n gba 20 nínú 100. Ti àwọn olùdásílẹ̀ di 40. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì, ó di 32. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di 25.6. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 12.8, kò sì tíì sí ohun tí wọ́n tà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà náà ń retí ìpín tiwọn. Èèyàn wo ni yóò wá sùn sẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá? Olùdókòwò tó bá gbọ́n yóò wo ìwé yẹn, yóò dìde. Kì í ṣe pé ó kórìíra yunifásítì. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń rí gbà kì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 2023, tí Irene Tracey àti Andrew Williamson ṣe, dá a lábàá pé kí yunifásítì gba 10 sí 25 nínú 100 nídìí ìmọ̀ oògùn àti ohun abẹ̀mí, kí ó má sì ju 10 lọ nídìí sọ́fítíwíà. Lójú tèmi, ó yẹ kí a ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tí kò bá gbà pé ọwọ́ ju ìwé lọ, kí ó wo ilé-iṣẹ́ Databricks. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, Matei Zaharia àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Spark ní 2009, sọ́fítíwíà tó ń fi kọ̀ǹpútà púpọ̀ ṣiṣẹ́ lórí dátà ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó fi pawó. Ní 2013, wọ́n dá Databricks sílẹ̀ lórí ohun tí gbogbo èèyàn ti ní. Ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò, ó di ńlá. Kí ni wọ́n ń tà? Àwọn ló mọ̀ ọ́n jù.

Àmọ́ ọwọ́ olùwádìí nìkan kò tó o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Boyer kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Swanson ló jókòó sídìí Genentech lójoojúmọ́. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń dára jù: ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jáde lọ, ẹni tó mọ ọjà sì bá a lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ máa ṣe olórí ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án, kí ó máa kọ́ni lálẹ́, yóò ṣe ibi fún méjèèjì.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú yàrá ìwádìí, ohun tó bá ṣiṣẹ́ níwọ̀nba ìgbà tó lè fi hàn pé òótọ́ ni ti tó láti tẹ̀ jáde. Nínú ilé-iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé rẹ̀, kí iye tó ń náni má sì ju iye tí à ń tà á lọ. Kò sí ẹni tó ń gboyè nítorí pé ó ṣe ohun kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, owó ìwádìí kì í san fún un. Olùdókòwò náà kò sì tíì fẹ́ wá, nítorí kò tíì sí ohun tí wọ́n lè tà. Àárín méjèèjì yìí ni ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kú sí, pẹ̀lú ìmọ̀ tó péye lọ́wọ́ wọn.

Katalin Karikó mọ àárín yẹn. Ní Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1995, nítorí kò rí owó ìwádìí gbà lórí mRNA tó gbájú mọ́, ìyẹn èròjà tó ń gbé ìlànà inú jíìnì lọ síbi tí ara ti ń lò ó. Ní 2005, òun àti Drew Weissman fi hàn pé bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan lára àwọn èròjà mRNA, ara kò ní máa gbógun tì í mọ́. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kò rìn jìnnà. Ní 2013, Karikó kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ BioNTech ní ìlú Mainz ní Jámánì. Uğur Şahin àti Özlem Türeci, tọkọtaya tó jẹ́ dókítà, ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Christoph Huber ní 2008. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tọkọtaya náà. Wọ́n ti ṣe ọ̀kan ní 2001. Ọdún méjìlá ni BioNTech lò kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí òun àti Pfizer jọ ṣe fún Kòrónà tó gba àṣẹ ní oṣù kejìlá 2020. Karikó àti Weissman gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Ìwé wọn ti wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti 2005. Ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ dé àárín àwọn tó fẹ́ ṣe é ni iṣẹ́ yá.

Nígbà kan tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tán, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó ní òun àti ọ̀gá òun pẹ̀lú ẹnì kẹta fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ojú sì ń ti òun láti béèrè iye tó máa kan òun. Mo ní kí ó béèrè lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ pín kò tíì tó nǹkan kan, tí kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ lè bàjẹ́ sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni èèyàn yóò fi ṣiṣẹ́ kí ìpín rẹ̀ tó di tirẹ̀ tán, pé ẹni tó bá lọ kí ọdún kan tó pé kò ní mú ohunkóhun lọ. Ó béèrè bóyá ìyẹn kan ọ̀gá òun náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn án.