"Ká Sún Un" Tó Di "Ká Fún Un"

RÀFÍÙ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà, èyí tó ń jókòó lórí etí, la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́, ọ̀rọ̀ ìpàdé tá a ṣe lórí Zoom lọ́jọ́ Àìkú ò tíì kúrò nínú mi.

FÚNKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi alága sílẹ̀ jàre.

RÀFÍÙ: Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀? Káfíńtà gbọ̀ngàn béèrè owó. Alága ní "Ká sún un." Akápò gbọ́ "Ká fún un."

FÚNKẸ́: (ẹ̀rín) Ó sì ti fi owó ránṣẹ́ kí ìpàdé tó tú!

RÀFÍÙ: Ẹ̀bi akápò kọ́. Hẹ́dífóònù alága ni. Orin ń dún ketekete nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí máìkì ara ẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, Bluetooth á kúrò lọ́nà orin, á gba ọ̀nà ìpè, ọ̀nà tóóró. Lọ́nà ìpè àtijọ́, gbogbo ohùn tó bá ga ju 4,000 hertz ni wọ́n ń gé dànù. Ti mSBC, ọ̀nà ìpè tuntun tó sàn díẹ̀, 8,000 ni. Òkè yẹn gan-an ni "s" àti "f" ti ń yàtọ̀ síra. Gé e kúrò, "sún" di "fún". Àmì ohùn ò sọnù o, ìdí nìyẹn tí akápò fi dá ara ẹ̀ lójú.

FÚNKẸ́: Kí ni kí alága wá ṣe, kó ra òmíràn?

RÀFÍÙ: Rárá! Kó wọ ibi ètò ohùn nínú Zoom, kó mú máìkì kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, kó fi hẹ́dífóònù gbọ́ràn nìkan. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

FÚNKẸ́: Ó dáa. Ẹnì kan ń béèrè èyí tóun lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun ní Yunifásítì Ìlọrin. Ọmọ náà ń wọ híjáàbù.

RÀFÍÙ: Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Tìmùtìmù ẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ etí. Bí aṣọ bá wà láàárín, ohùn ìsàlẹ̀ á jò lọ. Ẹ fi dadakúàdà dán an wò: kí ìlù máa lọ, kẹ́ ẹ wá fi ìka tẹ igbá etí méjèèjì díẹ̀. Bí ìlù bá ṣàdédé wú, kò jókòó dáadáa nìyẹn. Abẹ́ híjáàbù ni kó wọ̀ ọ́ sí. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó má fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣọ́ọ̀bù tan ara ẹ̀ jẹ. Hẹ́dífóònù á máa tẹ etí mọ́ apá awò, ìrora ẹ̀ kì í sì í tètè dé. Kó wọ̀ ọ́ wò fún ìṣẹ́jú 40, ó kéré tán.

FÚNKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n ra èyí tó bo gbogbo etí, kí ẹjọ́ tán.

RÀFÍÙ: Ní Ìlọrin? Nínú ooru oṣù Kẹta? Lábẹ́ híjáàbù? Etí ọmọ náà á jinná!

FÚNKẸ́: Èyí tó ń tẹ etí ńkọ́? Òun ò mooru?

RÀFÍÙ: Ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì ti bẹ̀rẹ̀.

FÚNKẸ́: Orò ilé wa ni. Ẹ̀yin tí ẹṣin leégún yín, ẹ lọ gbé e sétí ẹṣin.

RÀFÍÙ: (ẹ̀rín) O pa mí! Ó mooru, mo gbà. Òógùn ló ń jẹ awọ tìmùtìmù, kí wọ́n ra èyí tí tìmùtìmù ẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Sony WH-CH520, gíráàmù 147, wákàtí 50 lórí ṣáàjì kan. JBL Tune 510BT, wákàtí 40. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ìyẹn ju ariwo LDAC lọ, ọ̀nà tí Bluetooth fi ń gbé orin tó mọ́ gaara. iPhone ò tilẹ̀ mọ LDAC, òmíràn tó ń jẹ́ AAC ló ń lò. Àmọ́ ti Sony yẹn ò ní ihò wáyà. Bí bátìrì bá kú, ó di gèlè.

FÚNKẸ́: Bó bá jẹ́ inú dírọ́ọ̀mù ẹrù tó ń gba orí omi ló ń bá lọ ńkọ́?

RÀFÍÙ: Kí wọ́n ṣáàjì ẹ̀ dé ìdajì, kí wọ́n pa á. Bátìrì tó bá wà lófo lórí omi fún oṣù mélòó kan lè má jí mọ́.

FÚNKẸ́: Owó káfíńtà wá ńkọ́?

RÀFÍÙ: Wọ́n ti pè é. Ó ní òun ò sí ní ìpàdé, ṣùgbọ́n òun gbọ́ "fún" ketekete.