Orúkọ Ni Kí Ẹ Tẹ̀ Lé: Bí Mo Ṣe Ń Wá Fíìmù Tí Ọ̀pọ̀ Èèyàn Ò Tíì Gbọ́ Nípa Rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Fóònù mi lẹ ń wò yìí. Mo ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ lè máa rí gbogbo ibi tí ìka mi bá tẹ̀. Bí lẹ́tà ibẹ̀ bá kéré jù lójú yín, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tóbi.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí àwọn ará àdúgbò wa n'Íbàdàn ti ń péjọ sí pálọ̀ mi lálẹ́ Sátidé láti wo fíìmù. Èmi ni mo ń yan ohun tí a máa wò. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Níbo lo ti ń rí àwọn fíìmù wọ̀nyí? A ò rí wọn lórí fóònù tiwa." Púpọ̀ nínú wọn wà lórí fóònù tiyín. Ẹ ò kàn tíì mọ ọ̀nà tó débẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbálẹ̀ ná. Mo ṣí Netflix. Ẹ wo àwọn àwòrán tó tò síwájú mi yìí. Ohun tí mo wò sẹ́yìn wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi yàn wọ́n. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá gba fóònù yín wo katúùnù fún ọjọ́ mẹ́ta, katúùnù ni wọ́n á máa kó síwájú yín. Nítorí náà, ẹ wọ orí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ lọ sí Account, ẹ mú orúkọ tiyín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Viewing activity sí. Gbogbo ohun tí ẹ ti wò ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wò ó. Èyí tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ wò ó, ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gbé e pamọ́. Ó lè tó wákàtí 24 kó tó kúrò pátápátá. Lábẹ́ orúkọ tiyín yẹn náà, ẹ pa fídíò tó máa ń dédé bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti dúró lórí àwòrán kan. Dátà yín ló ń jẹ, kò sì jẹ́ kí èèyàn rójú ka ohun tí wọ́n kọ nípa fíìmù.

Ọ̀rọ̀ dátà náà nìyí, kíákíá. Wákàtí kan fíìmù tó mọ́ dáadáa lè jẹ tó gígábáìtì 3. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan Save Data lórí fóònù, gígábáìtì 1 lè gbé yín fún bíi wákàtí 6. Ojú fóònù kéré, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Àfi bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí ògiri bíi tèmi nìkan ni kí ẹ lo èyí tó ga.

Ó tó. A ti gbálẹ̀. Ibi iṣẹ́ gan-an la dé yìí.

Ẹ yan fíìmù kan tí ẹ fẹ́ràn, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, èyí tó wọ̀ yín lára ni mò ń wí. Èmi á lo Mokalik, tí Kúnlé Afọláyan darí, tó jáde lọ́dún 2019. Ẹ kọ ọ́ síbi ìwákiri bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Òun rèé. Àwọn tó mọ Aníkúlápó pọ̀ ju àwọn tó mọ èyí lọ fíìfíì, ẹni kan náà ló sì darí méjèèjì. Ọmọ ọdún 11 kan, ilé wọn ò tòṣì, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kó lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú ọgbà yẹn ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ yìí á lọ sọ́dọ̀ oníwáyà, á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀, á lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Kò sí ìbọn, kò sí jagunjagun, kò sí ilé alájà mẹ́ta. Nígbà tí a wò ó ní pálọ̀ mi, bàbá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Mọ́kọ́lá dìde dúró, kò sì jókòó mọ́ títí ó fi parí. Ó ń dá àwọn òṣèré lóhùn bí ẹni pé wọ́n wà nínú ọgbà tiẹ̀.

Ẹ má tíì kúrò lójú ewé náà. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn òṣèré àti olùdarí wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibẹ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni ìṣúra wà. Ẹ mú bírò àti ìwé. Lóòótọ́ ni mo wí, ìwé gidi. Tèmi rèé, ó ti gbó báyìí. Ẹ kọ orúkọ olùdarí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ìtàn, ẹ kọ orúkọ òṣèré kan tó ṣe dáadáa àmọ́ tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ mẹ́ta péré.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ọ̀kan ká wo ibi tó máa gbé wa dé. Kúnlé Afọláyan. Ta ni bàbá rẹ̀? Adéyẹmí Afọláyan ni, ọmọ Agbamú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Òun ló ṣe olórí òṣèré nínú Àjàní Ògún lọ́dún 1976, nígbà tí fíìmù Yorùbá tó wà nílé sinimá ṣì ṣeé ka lórí ìka. Òun náà ló tún ṣe olórí òṣèré nínú Ìjà Òmìnira kò pẹ́ sígbà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló wá darí fíìmù méjèèjì? Ọlá Balógun ni. Ẹ kọ tiẹ̀ náà.

Bí ẹ bá wá Ọlá Balógun lọ, ẹ máa bá fíìmù kan tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀: A Deusa Negra, tí wọ́n tún ń pè ní Black Goddess, ọdún 1978. Ọkùnrin Yorùbá kan ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ pé òun á lọ sí Bràsíl, òun á lọ wá àwọn ìbátan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ láyé àwọn babańlá wọn. Ère Yemọja ló fi ń wá wọn. Ọmọ Nàìjíríà ló darí rẹ̀, Bràsíl ni wọ́n ti yà á, àwọn òṣèré ibẹ̀ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọgbà mẹkáníìkì la ti gbéra, ẹ wo ibi tí a dé! Orúkọ mẹ́ta péré ló gbé wa dé Bràsíl. Kò sí ojú ewé àkọ́kọ́ kankan tó máa gbé èyí síwájú yín láéláé.

Okùn kejì tún wà lára Ìjà Òmìnira yẹn. Inú ìwé ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni wọ́n ti mú un. Ẹ tẹ̀ lé Fálétí: ìtàn tiẹ̀ náà ló wà nídìí Thunderbolt: Mágùn, tí Túndé Kèlání darí lọ́dún 2001, nípa ọkọ Yorùbá àti ìyàwó tó jẹ́ Íbò, àti mágùn tí wọ́n fi sí obìnrin náà lára. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀dọ̀ Kèlání la dé yẹn. Ṣaworoidẹ ni gbogbo yín á dárúkọ fún mi, mo mọ̀. Ó dáa, àmọ́ ẹ wá Kòṣeégbé, ọdún 1995, tó wá látinú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ló kọ̀ tí kò gba rìbá, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbẹ́ kòtò dè é. Ẹ tún wá Abẹ́ní, ọdún 2006, tí Kèlání àti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣe. Ọmọ olówó l'Ékòó ni Abẹ́ní, ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sin bàbá rẹ̀ ni Akànní. Wọ́n pínyà lọ́mọdé, wọ́n tún pàdé ní Kútọnu lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà. Yorùbá ń wọnú Faransé, Faransé ń wọnú Yorùbá, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ó dáa. Orúkọ ti wà lọ́wọ́. Báwo la ṣe ń rí fíìmù náà fúnra rẹ̀?

Èmi máa ń kọ́kọ́ lọ sórí JustWatch. Ẹ yan orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, torí pé ohun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè má sí ní Nàìjíríà. Ẹ kọ orúkọ fíìmù, á sọ ìkànnì tó wà. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má sọ̀rètí nù, YouTube ló kàn. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹ má fi àmì ohùn sí i bí ẹ bá ń wá a. Ẹ kọ "Ija Ominira" báyìí, kí ẹ fi orúkọ olùdarí tì í. Bí ẹ ò bá fi orúkọ olùdarí kún un, fíìmù mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ lè bá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe gùn tó. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 12, àgékù ni.

Ẹ sì wo ẹni tó gbé e síbẹ̀. Bí ẹni tó ni fíìmù náà bá ní chánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó, kí owó ìpolówó lè dọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Ọ̀run Mọ̀ọ́rù, fíìmù Bàbá Sàlá tó jáde lọ́dún 1982, àwọn olè jí ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tà á káàkiri, ó sì kó bàbá yẹn sí gbèsè tó pọ̀. Ẹni tó ti pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín! N kì í fi ẹ̀dà ayédèrú han àwọn èèyàn ní pálọ̀ mi, bó ti wù kó mọ́ tó.

Bí ẹ bá fẹ́ dáńlóòdù rẹ̀ dè ọjọ́ tí iná ò ní sí, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ máa ń ní gbèdéke. Lórí ìkànnì kan tí mò ń lò, mo kó fíìmù pa mọ́ de Sátidé. Èèyàn mọ́kànlá ló jókòó, ẹ̀pà sísè ti wà nílẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ fíìmù, ó ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ Sátidé ni mo ń ṣí i wò fún ìṣẹ́jú kan péré kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣòro jù ni bí èèyàn ṣe máa ní kí ẹlòmíì lọ wo fíìmù, kí ó sì wò ó lóòótọ́. Ẹ má fi orúkọ fíìmù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lórí WhatsApp. Ẹnikẹ́ni ò ní wo ẹyọ kan. Ẹnì kan, fíìmù kan.

Mo ṣe àṣìṣe yìí fún ìyá mi. Mo ní, "Màámi, ẹ wo Thunderbolt, ọ̀rọ̀ mágùn ni." Inú wọn dùn. Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ti pa á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì sọ fún wọn. Láti ìgbà náà, èdè ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà bó ṣe gùn tó, lẹ́yìn náà ohun kan tí mo fojú ara mi rí nínú rẹ̀. N kì í sọ pé ó dùn. "Ó dùn" kò sọ nǹkan kan fún èèyàn.

Ẹ wo iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi kan tó ń sáré ìwé ìrìn-àjò nígbà náà, mo máa kà á fún yín: "Àbúrò mi, wá Eyimofe wò. Àwọn ìbejì kan, Arie àti Chuko Esiri, ló darí rẹ̀, 2020. Pidgin àti Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ níbẹ̀, o máa gbọ́ Yorùbá náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, kì í sáré, torí náà má fi oorun wò ó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún iná ṣe nílé iṣẹ́, ó fẹ́ lọ sí Spain. Ṣọ́ àpótí wáyà tó wà lára ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wáyà yẹn lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran, òun ló sì máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáá. Lẹ́yìn tó o bá wò ó tán, pè mí."

Ìyẹn nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò dáhùn. Alẹ́ ọjọ́ kan ni fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méjìlá. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà yẹn." A sọ̀rọ̀ títí dátà rẹ̀ fi tán.

Ẹ dá fídíò yìí dúró níbí. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ mẹ́ta látinú fíìmù tí ẹ wò gbẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn lálẹ́ òní. Sátidé yìí, Abẹ́ní la máa wò níbí. Bí ẹ bá rí fíìmù kan tí ẹ rò pé mi ò tíì rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, pẹ̀lú èdè rẹ̀, bó ṣe gùn tó, àti ohun kan tí ẹ fojú yín rí nínú rẹ̀.