Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Omi Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìpàdé ìlú, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti fi àlùmọ́gàjí gé páálí mi sílẹ̀ róbótó-róbótó, ńlá àti kékeré. A fẹ́ fi wọ́n to àwòrán tí wọ́n ń pè ní Venn diagram, ká fi wo ẹni tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ti òótọ́.

Páálí kan dúró fún àwa ará àdúgbò, a gbé e sáàárín ilẹ̀. Bàálẹ̀, káńsílọ̀, ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀, kálukú ní páálí tirẹ̀. Bí agbára ẹni bá ṣe pọ̀ tó ni páálí rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Bí ọwọ́ wa bá ṣe ń tó o sí ni a ṣe máa gbé e sún mọ́ àárín.

Ìtóbi ọ̀tọ̀, ìsúnmọ́ ọ̀tọ̀! Káńsílọ̀ tí ẹ rí kẹ́yìn nígbà ìbò, páálí rẹ̀ lè tóbi bí àtẹ, kó sì wà lọ́hùn-ún réré.

Ní Íńdíà, ṣàpátì ni wọ́n ń pe àwòrán yìí, torí ó jọ búrẹ́dì pẹrẹsẹ tiwọn. Èmi ọmọ Ìlọrin, màsà ni mo ń pè é. Àmọ́ màsà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkejì lọ, ti agbára ìlú kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi màsà sílẹ̀, ebi á pa mí.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ ó pe gbogbo ìlú jọ sójú kan, ẹ ó wá kó páálí lé bàbá tó jókòó níwájú lọ́wọ́. Ó parí! Ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ kí bàbá láàárọ̀ ni ẹ fẹ́ kó dìde, kó ní páálí bàbá ti tóbi jù? Nílẹ̀ Ìgbómìnà níbí?

Ẹ PÍN WỌN! Obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀, àtìpó tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́tọ̀. Robert Chambers, ọ̀kan lára àwọn tó tan irú ọ̀nà yìí kálẹ̀, ní kí àlejò gbé ọ̀pá fún onílé, ìyẹn ni pé kí ará ìlú fúnra wọn to àwòrán wọn. Onílé wo? Òun gan-an ni mò ń bi yín.

Èmi náà ṣì í rí, nílùú kan nítòsí Òmù-Àrán. Àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní: ọba, ìjòyè, káńsílọ̀. Mo ya fọ́tò, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan ní kí obìnrin ṣe tiwọn lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Wọ́n gbé páálí tó tóbi jù lọ, wọ́n sọ ọ́ sọ́nà jíjìn. Mo ní ṣé ọba ni? Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọmọkùnrin tó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ ni! Tó bá ti gba Òfà lọ, odò yá nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣé àwọn ló ń pọn omi ni?

Lọ́dún 2006, John Gaventa, onímọ̀ nípa àwùjọ àti agbára, kọ̀wé pé agbára kan wà tó hàn, òmíràn farapamọ́, ìkẹta wà nínú orí wa. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí kò dé ìpàdé rí, ìkejì nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ti gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, ìkẹta nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ àwòrán méjèèjì síwájú ìlú, ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó tò ó. Ẹ má kó bá ẹnikẹ́ni o.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti di méjì, èkejì wà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, wọ́n gé páálí ọmọkùnrin náà kéré. Ti káńsílọ̀ ṣì wà níbi tó wà.