Tábìlì Ló Ń Gé Ni Lọ́wọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ewu Inú Mọ́dẹ́ẹ̀lì Kíkọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ewu tó wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì kíkọ́: ọkọ̀ òfuurufú kékeré, ilé onípáálí, rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ohun tí à ń gé, tí à ń fi gúlù lẹ̀, tí à ń kùn lọ́dà. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń retí ni "Ẹ máa ṣọ́ra." Mi ò ní sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí à ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa, ọwọ́ wọn ò sì yéé ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lé lórí tipẹ́, ni pé kò sẹ́ni tí àìbìkítà ò lè ṣe. Ẹni tó já fáfá jù nínú yín yóò gbàgbé nǹkan kan lálẹ́ òní. Iṣẹ́ wa ni pé ká to tábìlì, irinṣẹ́ àti àkókò wa débi pé ìgbàgbé yẹn ò ní di egbò.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Soviet gbé Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, lọ sójú ọ̀run ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, rọ́kẹ́ẹ̀tì gba àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lọ́kàn. Wọ́n ń po zinc mọ́ imí ọjọ́ nínú ilé, wọ́n ń kì í bọ inú páìpù irin. Àwọn mìíràn ń ha orí ìṣáná jọ. Ẹ mọ ohun tí páìpù irin ń ṣe nígbà tó bá bú gbàmù lọ́wọ́ ọmọdé. Ìka ń já, ojú ń fọ́, àwọn kan kú. Àwọn àgbà ìlú pín sí méjì: àwọn kan ní kí ìjọba fòfin dè é pátápátá, àwọn kan ní kí àwọn ọmọ máa ṣọ́ra. Kò sí èyí tó ran ọmọ kankan lọ́wọ́ nínú méjèèjì, nítorí ọmọ tó ti gbọ́ ìròyìn Sputnik kò ní jókòó sójú kan.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí Sputnik tó gbéra. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tó ń jẹ́ Orville Carlisle. Bàtà ló ń tà, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ iná ìṣeré (fireworks) tí wọ́n máa ń yìn lọ sókè dáadáa. Arákùnrin rẹ̀, Robert, sì fẹ́ràn mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1954, wọ́n ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ kan tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré nínú, tí agbòòrùn kékeré ń gbé padà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, G. Harry Stine, tó ń ṣiṣẹ́ ní White Sands níbi tí àwọn ológun ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò, kọ àpilẹ̀kọ lórí ààbò nínú iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Carlisle kà á, ó kọ lẹ́tà sí i, ó sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ẹgbẹ́ tí Stine dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, National Association of Rocketry, ṣì wà títí dòní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Wọn ò kọ́ ọmọ kankan bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ po ẹ̀tù. Wọ́n gba pípo ẹ̀tù kúrò lọ́wọ́ ọmọ ni. Ilé iṣẹ́ ló ń ki ẹ́ńjìnnì. Vern Estes, ọkùnrin kan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí tà, tiẹ̀ kan ẹ̀rọ tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Mabel. Wọ́n ní ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ jẹ́ irin: páálí, igi fẹ́lẹ́ tàbí ike ni. Wọ́n ní iná bátìrì ni kí a fi tàn án, kí ẹni tó ń tàn án sì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 15, ó kéré tán. Bí kò bá gbéra, kí a yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí a dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ọmọ tó ń kánjú, tó ń gbàgbé, ṣì lè ṣe eré yẹn, kó sì padà sílé pẹ̀lú ìka mẹ́wàá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn máa ń sọ pé mò ń sọ àwọn ọmọ di ọ̀lẹ, pé ọwọ́ tí kò bá tíì ṣẹ̀jẹ̀ kò tíì kọ́ṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò tọ̀nà. Egbò kì í kọ́ni níṣẹ́, ṣe ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ bi ẹni tí iṣan ìka rẹ̀ já bóyá ó ti di ọ̀gá.

Ká wá sórí tábìlì wa. Abẹ tó ti kú ló ń gé ni jù, torí èèyàn á máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, á sì fò kúrò lójú ìlà. Ẹ kó abẹ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má di pé ẹ ń fi èyí tó wà lọ́wọ́ ṣe mọ́ra. Rúlà onírin ni kí ẹ lò. Ẹ fà á lọ ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ipá. Èkù ọ̀bẹ tó rí roboto máa ń yí kúrò lórí tábìlì. Ẹ lẹ páálí kékeré mọ́ ọn kó má lè yí mọ́. Bó bá já bọ́, ẹ jẹ́ kó já bọ́. Ẹ má nawọ́ gbà á, ẹ sì wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gba mọ́dẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀ yín, ẹ sún un sí ọ̀sán. Ẹ̀yin lẹ ń gbé abẹ lé ẹni tí kò sùn lọ́wọ́.

Súpà gúlù ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1942 ni Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míìsì kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wá ike tó mọ́ gaara fún awò tí wọ́n fi ń fojú sun ibi tí ìbọn máa bà. Wọ́n pa á tì torí ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Ọdún 1958 ló dé ọjà. Ìwọ̀nba ọ̀rinrin ló ń mú un gan, ìdí nìyẹn tó fi ń yára lẹ̀ mọ́ ara àti ojú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bó bá dà sí aṣọ òwú, ó máa ń gbóná débi pé ó lè jó ni lára, kó sì rú èéfín. Nítorí náà, ẹ má fi àkísà òwú nù ún. Ẹ gbẹ́ ihò sára pákó kékeré, kí ẹ máa gbé ìgò gúlù sínú rẹ̀ kó má baà ṣubú. Bí ìka bá lẹ̀ mọ́ra, omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ẹ má fà á ya. Bó bá kan ojú, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, ẹ má fipá la ìpéǹpéjú, ẹ má fi asítóònù, oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, sún mọ́ ọn rárá, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ibi tí mo dé nìyí tí ọmọbìnrin kan fi dìde lẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ní ká tún tábìlì tò. Àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá kan, a ò ní tábìlì. Ibi tá a ti ń sùn la ti ń gé nǹkan, ibẹ̀ náà la ti ń ki bátìrì bọ iná. Kí ni ká tò?"

Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé, nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí ló ká ọ̀pọ̀ nínú yín mọ́. Bí yàrá bá jẹ́ ọ̀kan, ohun tí kò gbọdọ̀ bá yín sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré ń lò ló ṣíwájú. Mo mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á mú iná dé ní aago méjì òru, gbogbo èèyàn á pariwo, wọ́n á ki bátìrì bọ ṣájà, wọ́n á sì padà sùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan inú bátìrì ti ń kún ni fóòlítì (volt) 4.2, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè wú, ó sì lè gbiná, iná náà kì í ṣeé pa bọ̀rọ̀. Bó bá sì wálẹ̀ ju 3.0 lọ, ó ti bàjẹ́. Èyí tí ẹ ò ní lò fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi í sí nǹkan bíi 3.8. Ṣájà tó bá bátìrì mu ni kí ẹ lò, lójú yín tó là sílẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì níta, nínú ìkòkò amọ̀ tó ní iyanrìn. Bí ojú bá ti ń kún fún oorun, ẹ yọ ọ́. Iná á tún padà wá.

Èkejì ni tínà, asítóònù àti pẹtiróòlù. Ẹ má ṣe bu wọ́n sínú ike omi mímu. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbàlagbà tí òùngbẹ ń gbẹ lóru ò sì yẹ ike wò kó tó mu ún. Ọ̀dà tí a ń fọ́n, ìta ni. Gáàsì inú agolo rẹ̀ ń gbiná, kọ́ìlì ẹ̀fọn kan tó ń jó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti tó. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí kí iṣẹ́ lè parí. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn tí yóò jí yín.

Alága ní ó ku ìṣẹ́jú méjì, ẹ jẹ́ kí n sáré. Bí ẹ bá ń fi yanrìn bébà ha igi tàbí résìnì, ẹ rin ín lómi bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku. Wáyà gbígbóná tí ẹ fi ń gé fóòmù, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má sì fi gé PVC láé, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń dán mọ́tò ọkọ̀ òfuurufú wò, kó tú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kúrò kó tó so bátìrì mọ́ ọn. Mọ́tò oníná kì í dúró nígbà tó bá kan ìka, ṣe ló ń fi kún agbára.

Mo rí i pé àwọn kan gbé bátìrì wá nínú báàgì. Bó bá ti wú, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ padà sílé, ẹ má gún un, ẹ má tún fi sí iná. Ẹ gbé e wá bá mi níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ní garawa iyanrìn níbẹ̀.